Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ àti Àga Tó Ń Ké

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ kì í purọ́, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti wọ gbọ̀ngàn eré wọn rí. Gbogbo ọjọ́ tí eré bá wà ni obìnrin yìí ń purọ́. Irọ́ kan náà ni, ojú kì í sì í tì í. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ tó ti ń fún un nídìí, á gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín, á ya ìdajì rẹ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, á ní, "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀." Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Tó bá wá mú yín dé ìdí àga yín, á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan ló kù láyé:

"Àga yín rèé. Mo ti ń ṣọ́ ọ fún yín láti àárọ̀."

Kò ṣọ́ nǹkan kan. Láti àárọ̀, ó ti ń bá Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì jà ni, bí kò bá sì jà, ó ń tòògbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún. Lọ́yà tó ti ń bínú bọ̀ láti ilé á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó tí òun àti ọkọ rẹ̀ ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ látinú mọ́tò á wo àga náà bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹni tó wá wòran, ẹ ò mọ ohun tó fi sílẹ̀ nílé, Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ kì í sì í bèèrè. Ó kàn ń sọ fún gbogbo wọn pé wọ́n ti ń retí wọn. Wọ́n ń gbà á gbọ́, torí kò sí ẹni tí kò wù kí wọ́n máa retí òun níbì kan.

Ó lóun kì í wo ojú òǹwòran. Nínú òkùnkùn, gbogbo ojú ló jọra, gbogbo wọn ló sì ń díbọ́n. Bàtà ni kì í díbọ́n. Bàtà tó ń dán lókè tó sì ti jẹ tán ní gìgísẹ̀, olówó àná nìyẹn. Ẹ pè é ní ọ̀gá, inú rẹ̀ á dùn dọ́la. Bàtà tuntun tó ń pa ẹlẹ́sẹ̀ lára, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú àfẹ́sọ́nà wá ni. Ẹ má jẹ́ kó rìn jìnnà, kó má baà tiro lójú ọmọge. Nítorí náà, iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í gòkè ju orúnkún èèyàn lọ. Ó ní ẹni tó bá ń tan iná sójú àlejò, ọlọ́pàá ni, kì í ṣe agbàlejò.

Nǹkan kejì tí kì í ṣe ni pé kó lé èèyàn dìde. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń wọlé bí ẹni pé bàbá wọn ló kọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n á lọ jókòó síwájú pátápátá, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn á wà lọ́wọ́ wọn. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ariwo ló máa dá. Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sétí ọkùnrin náà, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ibì kan tó yẹ yín ju ibí lọ." Ẹ̀gbọ́n á dìde fúnra rẹ̀, á yọ àyà síta, á tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn òpó, níbi tí kò ti ní rí ju apá òsì ọba lọ títí eré á fi parí. Á tún dúpẹ́.

Ohun èlò rẹ̀ tó kẹ́yìn ni àga kan ní ìlà kẹta, lápá ọ̀tún. Àga náà máa ń ké. Èèyàn ò gbọdọ̀ mí lórí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ sósì, á ní kíìn. Ẹ na ọwọ́ sápò, á ní kíìn-kíìn, gbogbo gbọ̀ngàn á sì yí ọrùn wò yín. Ibẹ̀ ló ń fi àwọn tí kò lè ṣọ́ ẹnu wọn sí: ẹni tó ń sọ ìparí eré fún aládùúgbò rẹ̀, ẹni tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ pé "mo wà níbi eré, mi ò lè sọ̀rọ̀" fún ogún ìṣẹ́jú. Kí eré tó dé ìdajì, onítọ̀hún á ti jókòó gbagidi bí òkúta. Ọkọ Ìyá Ẹ-máa-bọ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ni káfíńtà gbọ̀ngàn náà nígbà ayé wọn. Gbogbo àga ibẹ̀ ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n ti mú òòlù dé ìdí ìyẹn náà, ìyàwó wọn ló di ọwọ́ wọn mú. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ló wí. "Ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nìyẹn." Ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé abẹ́ àwọn àga wọ̀nyẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rá, mọ ìtàn àga tó ń ké kó tó mọ a-b-d.

Ẹ̀yin á ti máa rò ó pé ilé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ á dùn-ún wọ̀. Ẹ má tan ara yín. Oyin lóde, ewúro nílé ni. Tó bá bọ́ yunifọ́ọ̀mù, tó fi kọ́ sára ìṣó, ibẹ̀ náà ló ń fi ẹnu dídùn kọ́ sí. Aládùúgbò tó bá kanlẹ̀kùn, á bi í pé kí ló fẹ́ kó tó kí i. Ó ní òun ti rẹ́rìn-ín tó fún òní, ẹni tó bá tún ń wá ẹ̀rín kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àga kan wà nínú pálọ̀ rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara wọn kàn fún ara wọn. Àga ńlá ni, apá rẹ̀ méjèèjì ń dán níbi tí ọwọ́ wọn ti ń sinmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ ń nu eruku ara rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń tẹ̀ kọjá níwájú òǹwòran tí eré ti wọ̀ lára. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an, kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Orí àga yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbéyàwó. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó mú ìyàwó rẹ̀ wá kí ìyá rẹ̀ nílé, àǹtí ìyàwó sì bá wọn wá. Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ ò kórìíra ọmọbìnrin náà o. Ó ti ń se oúnjẹ láti ìdájí, ó ti fọ aṣọ fèrèsé, ó tiẹ̀ ti pinnu pé òun á rẹ́rìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe wọlé báyìí ni iná lọ. Ó ní kí wọ́n dúró, ó wọ yàrá lọ wá tọ́ọ̀ṣì iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó padà dé, ọmọbìnrin náà ti fọwọ́ wá àga kiri nínú òkùnkùn, ó sì ti jókòó sórí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ẹ ti mọ èyí tó kọ́kọ́ bà.

Ohun tí Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ ò ṣe fún olè rí ní gbọ̀ngàn, ó ṣe é fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì lọ tààrà sójú ọmọ olọ́mọ.

"Dìde níbẹ̀," ló wí. "Àga yẹn ní ẹni tó ni ín."

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bojú, ó dìde. Kò rí ibi tó máa lọ. Ó dúró sáàárín pálọ̀ nínú òkùnkùn, àǹtí rẹ̀ ń wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́, ọkọ rẹ̀ ń sọ pé "Mà, Mà, ẹ gbé iná yẹn kúrò lójú ẹ̀." Nígbà tí iná dé, gbogbo wọn ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ìyàwó ò padà wá mọ́.

Kí ni ì bá ná obìnrin yìí láti sọ pé "ìyàwó mi, má bínú"? Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ẹni tó bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fi ọjọ́ kìíní sílẹ̀, ó fi ọjọ́ kejì sílẹ̀, nígbà tó fi máa tó oṣù kan, ẹnu rẹ̀ ti wúwo. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àga ọkọ òun ni, ẹnikẹ́ni tó bá ní láákàyè á béèrè kó tó jókòó. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọmọ rẹ̀ ṣì ń wá. Ṣùgbọ́n kì í jókòó. Ìyẹn ló dun ìyá rẹ̀ jù. Á fara ti ẹnu ọ̀nà, á kó ohun tó rà sílẹ̀, á bi í léèrè àlàáfíà, á máa wo aago. "Jókòó ná," ìyá á wí. "Mò ń sáré lọ ni, Mà," ọmọ á dáhùn. Ó fi ohun tó ju ọdún kan lọ sáré. Ní ọjọ́ kan ló fara ti ògiri bẹ́ẹ̀, ó ní, "Mà, ìyàwó mi lóyún."

Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ jó. Ó jó yí tábìlì po, ó ní Ọlọ́run ò sùn. Lẹ́yìn náà ló rántí bèèrè. "Oṣù wo ni?"

"Ó ku bí oṣù méjì kó bí."

Ijó dúró. Oyún oṣù méje, òun nìkan ni kò gbọ́. Ó gbé e mì, ó ní, "Kò burú. Tó bá bí, èmi ni mo máa wá tọ́jú wọn."

"Màmá ẹ̀ ló máa wá, Mà."

"Èmi ńkọ́?"

Ọmọ wo ilẹ̀. "Tó bá ní kí ẹ wá, ẹ máa wá. Mà, kì í ṣe èmi ni mo máa pè yín. Òun lẹ lé dìde."

Kò sí ohun tí a fẹ́ bò mọ́lẹ̀: obìnrin náà sunkún. Nígbà tí ọmọ ti lọ, ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń gbé ilé náà. Ọmọ-ọmọ òun á wà láyé, á máa rẹ́rìn-ín fún gbogbo ènìyàn, òun á sì máa gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó fara ti ògiri.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń jókòó sínú àpótí onígíláàsì tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀, ojú ihò kékeré ló sì fi ń wo ayé. Ọwọ́ èèyàn àti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wọn nìkan ló mọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Èmi? Ìyá ọkọ ẹ̀?"

"Ìyá ọkọ tí kò lè fojú kan ọmọ-ọmọ ẹ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí èmi?"

"Kí n wá máa bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí?"

"Gbogbo àwọn tí ò ń bẹ̀rẹ̀ sí létí ní gbọ̀ngàn yìí, àgbà ẹ ni gbogbo wọn?"

Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ pòṣé, ó lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì náà gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló dé ibi iṣẹ́ tó rí i pé wọ́n ti yọ àga tó ń ké. Òmíràn tó rọ̀ bí tìmùtìmù ló wà níbẹ̀, kò ní ohùn rárá. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó fò sókè, ó tún jókòó. Kò sí nǹkan. Ó lọ bá ọ̀gá gbọ̀ngàn, ọmọdékùnrin kan tó máa ń wọ kóòtù nínú ooru. Ọ̀gá ní, "Mà, àga tó ń ké kì í ṣe ohun tí à ń fi yangàn. A ti kó o dànù." Ó lọ bi Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì bóyá ó rí ẹni tó gbé e jáde. Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí nu gíláàsì rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí kó ṣe rí, ó ní ọwọ́ àti àgbọ̀n nìkan lòun ń rí. Obìnrin náà wá dúró ní ìlà kẹta bí ẹni tí wọ́n jí ẹbí rẹ̀ gbé. Òun àti ọkọ òun ló jọ fi àga yẹn sílẹ̀ láì tún un ṣe. Nísinsìnyí kò sí ọkọ, kò sí àga, ọmọ kì í jókòó.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, gbọ̀ngàn kún. Eré ọba kan tó sọ adé rẹ̀ nù ni wọ́n ń ṣe, ó sì yẹ kó sọ ọ́ nù lóòótọ́, torí adé náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ, àtìgbà tó ti jáde ló ti ń fi ọwọ́ kan dì í mú. Iná ti kú, aṣọ ìtàgé ti ṣí, nígbà tí ẹnì kan tún ti ilẹ̀kùn wọlé. Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Sálúbàtà ló rí, ẹsẹ̀ méjèèjì inú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi. Kò ní láti wòkè. Aboyún ni.

"Ẹ máa bọ̀," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́. "Ẹ má kánjú. Ọba ò tíì rí adé ẹ̀, ẹ ò pàdánù nǹkan kan."

Ó na apá kí aboyún náà lè dì í mú. Ó mú un lọ sí àga etí ọ̀nà, èyí tó máa ń fi pamọ́ fún irú wọn, tó jẹ́ pé wọ́n lè dìde lọ tọ̀ kí wọ́n sì padà láì tẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ó bọ́ súwẹ́tà ara rẹ̀, èyí tó ti luhò nígunpá, ó ká a, ó fi tì í lẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀.

"Àga yín rèé. Mo ti ń ṣọ́ ọ fún yín láti àárọ̀. Kí ẹni tó wà nínú náà wòran dáadáa. A ò gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀."

Aboyún náà di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì fi í sílẹ̀. 

Nígbà tí eré dé ìdajì, wọ́n tanná, èrò tú síta láti lọ ra omi tútù. Ẹnì kan kò dìde. Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ ń rìn bọ̀ láàárín àga, ó ń ṣa bébà ilẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó jókòó lórí àga etí ọ̀nà, súwẹ́tà lẹ́yìn rẹ̀, ikùn rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà," ìyàwó wí.

Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ ki bébà tó ti ṣà bọ àpò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

"Ọkọ mi máa ń sọ fún mi," ìyàwó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ò le, kò sì rọ̀. "Ó ní kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn tọwọ́tẹsẹ̀ tó yín. Mo ní irọ́ ni. Mo ní kí n wá fojú ara mi rí i." Ó fọwọ́ kan súwẹ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, mà. Ẹ ti kí ọmọ-ọmọ yín káàbọ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé òun ni."

Ibí yìí ló yẹ kí ó bẹ̀bẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdààmú bá dé bá oníṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni:

"Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ dà?"

Ìyàwó wò ó. Ó ṣí báàgì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ó fà á lé e lọ́wọ́. Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ ya ìdajì rẹ̀. Kí ni ì bá tún ṣe? Aago lù, èrò rọ́ wọlé, ó sì lọ dúró sí ìdí ilẹ̀kùn, ó ń bú ara rẹ̀ ní orúkọ tí a ò lè kọ síbí. Nígbà tí ọba rí adé rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, òun ò rí i. Ó ń wo ẹ̀yìn orí kan lórí àga etí ọ̀nà.

Eré parí, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, àga ti ṣófo. Súwẹ́tà náà ò sí níbẹ̀.

"Ó wọ̀ ọ́ lọ," Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì sọ látojú ihò rẹ̀. "Ó sì yẹ ẹ́ jù ẹ́ lọ."

"Ó jí súwẹ́tà mi?"

"Ó wọ̀ ọ́ lọ ni mo wí. Ọ̀la ò sí eré. Tí súwẹ́tà bá wà nílé ẹnì kan, ẹni tó ni ín máa ń lọ gbà á. Àbí báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí wọ́n ti bí ẹ?"

Ó pòṣé fún un. Ṣùgbọ́n òtútù ti ń mú un lápá, ó sì ti ní ohun tó fi lè lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ mọ́tò méjì, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lọ́kàn: "Súwẹ́tà mi ni mo wá gbà." Obìnrin tó jókòó tì í nínú mọ́tò sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ torí ètè rẹ̀ ń mì. Ó gun àtẹ̀gùn ilé wọn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí mímí rẹ̀ fi balẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì. Kò mọ ibi tí èèyàn máa ń dúró sí tó bá jẹ́ òun ni àlejò. Ó kanlẹ̀kùn.

Ìyàwó ló ṣí i. "Ẹ máa bọ̀, mà," ó wí.

"Súwẹ́tà mi ni mo wá gbà."

"Ó wà níbí, mà. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti dí igunpá ẹ̀. Ẹ wọlé."

Pálọ̀ náà ò tóbi. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́bàá tábìlì, ó kí i. Aṣọ ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kún orí àga gígùn, kò sí ibi tí wọn ò kó o sí. Àga kan ṣoṣo ló ṣófo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi aṣọ olódòdó bò ó. Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ ń ro ó. Ó ti bẹ̀rẹ̀ jókòó, ìdí rẹ̀ ti dé agbedeméjì, nígbà tí ìyàwó sọ̀rọ̀.

"Àga yẹn ní ẹni tó ni ín, mà."

Ó dìde. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibò ni kó lọ. Ó dúró sáàárín pálọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, ara rẹ̀ ń gbóná láti etí dé ọrùn, ọmọ rẹ̀ ń wò ó, ìyàwó ń wò ó. Kò sí iná tọ́ọ̀ṣì lójú rẹ̀, ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ kò mọ ibi tó lè kọjú sí. Bó ṣe rí nìyí. Ó ti ju ọdún kan lọ tó ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Ó gbé báàgì sílẹ̀. "Ìyàwó mi," ó wí, ohùn rẹ̀ ò dùn, kò jọ ti gbọ̀ngàn rárá. "Mo tanná sí ẹ lójú. Mi ò ṣe é fún ẹnikẹ́ni rí, ìwọ ni mo ṣe é fún. Mo lé ẹ dìde lójú àǹtí ẹ. Ó dùn mí látọjọ́ náà, agídí ni kò jẹ́ kí n wí. Ẹni tó ni àga yẹn ti kú, ọkọ mi ni, tí wọ́n bá sì wà láyé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á dìde fún ẹ. Má bínú. Ọjọ́ tó o bá tún wá, orí ẹ̀ ni wàá jókòó sí. Tó ò bá sì wá mọ́, mi ò ní bi ẹ́ pé kí ló dé."

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàgì rẹ̀.

"Ẹ jókòó, mà," ìyàwó wí.

"Níbo?"

Ìyàwó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan di ikùn rẹ̀ mú, ó fi èkejì di igunpá ìyá ọkọ rẹ̀ mú, ó mú un lọ sẹ́bàá fèrèsé. "Àga yín rèé. Ẹ̀yin lẹ ni ín. A ti ń ṣọ́ ọ fún yín láti ọjọ́ tó ti dé ilé yìí."

Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ jókòó.

Kíìn.

Ó dúró gbagidi. Ó tẹ̀ sósì díẹ̀. Kíìn-kíìn. Ó gbé etí aṣọ olódòdó náà sókè, ó rí awọ pupa àtijọ́ ti àga gbọ̀ngàn, ó rí ẹsẹ̀ igi mẹ́rin tuntun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sídìí rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ ń wo òkè àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré.

"Ta ló gbé èyí jáde ní gbọ̀ngàn?"

"Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì ló bá wa bẹ ọ̀gá yín," ìyàwó dáhùn. "Ọkọ mi kan ẹsẹ̀ sí i. Ó fẹ́ tún un ṣe kó má ké mọ́, èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní ibẹ̀ lẹ máa ń fi ẹni tí kò lè ṣọ́ ẹnu ẹ̀ sí, mà."

Ìyá Ẹ-máa-bọ̀ tẹ̀ síwájú láti fèsì. Àga ké. Ó pa ẹnu dé. Lẹ́bàá tábìlì, ọmọ rẹ̀ kó aṣọ ọmọ tuntun kúrò lórí àga gígùn, ó wá àyè kan fún ara rẹ̀, ó sì jókòó.